Òkúǹbete Ọ̀nà Wásinmi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kó má di pé mo tàn yín jẹ: ọ̀rọ̀ yìí ń rí mi lára. Bí mo ṣe jókòó tí mò ń kọ ọ́ yìí, itọ́ ń gbá jọ sí mi lẹ́nu, mo sì ti dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ tu ú sẹ́yìn fèrèsé. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó gbé ìwé yìí sílẹ̀ ná. Tó bá jẹun tán, kó padà wá.

Àwa méjì la wà níbẹ̀, èmi àti ọkọ mi. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, bí gbogbo obìnrin Àpòmù ṣe ń ṣe. N ò fẹnu kan pe ọkọ mi ní "ìwọ" rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà mí lé e lọ́wọ́, àfi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmọ́ nínú ìwé yìí, "ó" ni màá máa pè é. Ẹni tó bá ṣe irú ohun tó ṣe, kò tíì tó ẹni tí à ń pè ní "wọ́n".

Wolé-wolé ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà nígbà náà mọ ohun tí mò ń wí. Aṣọ kakí lọ́rùn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, wọ́n á kàn yà sílé onílé, wọ́n á ṣí ìkòkò omi, wọ́n á taná sí i. Bí wọ́n bá fi lè rí tanwíjí kan ṣoṣo nínú omi yẹn, sàmáńsì ti dé nìyẹn. Gbogbo Àpòmù títí wọ Ìkirè ló ń sá fún ọkọ mi. Àwọn obìnrin á máa ké láti agboolé dé agboolé, "Wolé-wolé ń bọ̀ o!", ìgbálẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún níbi tí wọn ò ti gbálẹ̀ láti àná. Nínú ilé tiwa gan-an, kì í mu omi láìkọ́kọ́ gbóòórùn ife.

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin, ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Àbíkẹ́yìn wa ti lọ sílé ẹ̀kọ́ olùkọ́, ilé dá wáí. Ọkọ mi bá lọ ra mọ́tò ìjàpá kan tó ti gbó, tí ilẹ̀kùn ọ̀tún ẹ̀ kì í ṣeé ṣí láti inú. Ó ní, "Ìyá wọn, ọdún mẹ́tàlélógún rèé tá a ti fẹ́ra. Yàtọ̀ sí òkú àti ìkómọ, ibo lèmi àtìẹ jọ lọ rí? Jẹ́ ká máa jáde. Bá mi lọ síbi tó wù mí, kémi náà bá ọ lọ síbi tó wù ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìfẹ̀yìntì ló ń ṣe é.

Ohun tó wù mí láyé mi ò ju wàásù lọ. Òróró ni mò ń tà lọ́jà Àpòmù, kásẹ́ẹ̀tì wàásù ló sì máa ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo òróró mi láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ìwó o, Ẹdẹ o, Ògbómọ̀ṣọ́ o, ibi tí wọ́n bá ti tẹ́ ẹní wàásù, ẹní iwájú ni mo fẹ́. Èyí tó wá jẹ́ ààyò mi ni ti àgbà àáfà kan ní Ìkirè, tó jẹ́ pé tó bá wàásù tán, wọ́n á gbé báàfù omi ńlá kan síwájú ẹ̀, á ṣe àdúà sí i, gbogbo èèyàn á sì mu níbẹ̀.

Ti ọkọ mi ńkọ́? Ẹran ìgbẹ́. Ọ̀yà gan-an ni wàhálà ẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbóòórùn ife omi, tó bá ti rí ọ̀yà tí wọ́n gbé kọ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń fi í júwọ́ sí ọkọ̀, ojú ẹ̀ á tàn bíi tọmọdé lọ́jọ́ Iléyá. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ìyá ẹlẹ́ran kan wà tí a bá kọjá Wásinmi díẹ̀ sọ́nà Gbọ̀ngán. Ìlú wọn lọ́hùn-ún lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọkọ ẹ̀ ló wá dáko kòkó síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Ó máa ń ta tútù níwájú, á sì máa se jíjẹ lẹ́yìn, lábẹ́ páànù mẹ́rin àti bẹ́ńṣì kan. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ débẹ̀, n ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Òórùn irun ẹran tí wọ́n ń wì gba gbogbo ibẹ̀ kan, eṣinṣin bo tábìlì, ajá kan sì ń lá ọmọrí ìkòkò. Ajá! Mo wo ọkọ mi, mo ní, "Bàbá wọn, ṣé ibi tẹ́yin máa ń fún àwọn èèyàn ní sàmáńsì kọ́ nìyí?" Ó ní wolé-wolé ti fẹ̀yìn tì.

A jókòó. Ìyá ẹlẹ́ran gbé iyán dé, ó ní ká má bínú, àwo òun ti fọ́ tán ku ẹyọ kan, ká jọ máa jẹ ẹ́ pọ̀.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè má mọ ohun tí obìnrin yẹn sọ. Nínú agboolé tiwa, ìyàwó kì í bá ọkọ jẹun. Pálọ̀ lọkọ mi ti ń jẹ tiẹ̀, a ó gbé e fún un lórí tìréè, èmi á sì jókòó nídìí àdògán pẹ̀lú àwọn ọmọ, ká máa jẹ èyí tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Ọdún mẹ́tàlélógún, ọmọ márùn-ún, n ò mọ bó ṣe ń ṣu òkèlè. Lọ́jọ́ náà la jọ wẹwọ́ nínú abọ́ kan. Ọkọ mi fọwọ́ tọ́ ẹ̀dọ̀ ọ̀yà tó wà láàárín ọbẹ̀, ó tì í sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Jẹ ẹ́." Ẹ̀dọ̀! Ẹ̀dọ̀ tó jẹ́ ti baálé! Mo jẹ ẹ́. Ojú tì mí bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, àní mo fi ìborùn bojú.

Kí n má purọ́ fún yín, nítorí àwo yẹn ni mo ṣe ń bá a rìn. Bí wọ́n bá gbé wàásù àti àwo yẹn síwájú mi pé kí n mú ọ̀kan, kí Ọlọ́run má bínú sí mi, n ò mọ èyí tí n bá mú. A kì í jẹun pọ̀ nílé. Ojú ọ̀nà nìkan la ti jẹ́ tọkọtìyàwó.

Àmọ́ mùsùlùmí ni mí, n ò sì ní torí ọbẹ̀ gbàgbé. Ẹran tó bá kú fúnra ẹ̀, tí wọn ò dúńbú nígbà tó wà láàyè, òkúǹbete ni, èèwọ̀ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ mi ni mo bi nígbà tá a délé, ó ní wọ́n dúńbú ẹ̀; láti ìgbà kejì, kò sí ọjọ́ tí mo débẹ̀ tí n kì í kọ́kọ́ bèèrè, "Ìyá ẹlẹ́ran, ṣé ẹ dúńbú ẹ̀?" Á ní, "A dúńbú ẹ̀, Àlàájà." N ò dé Mẹ́kà rí o, ìborùn ni wọ́n ń rí tí wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Á gbé ọrùn ẹran sókè, màá rí ojú ọ̀bẹ, màá rí ẹ̀jẹ̀. Ọkọ mi á ní, "O ti rí i. Jókòó." Ọdún mẹ́fà la fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Òun náà kò sì yẹ àdéhùn tiẹ̀. Bí wàásù bá wà n'Ìkirè, á gbé mi lọ, á jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin, á máa tòògbé díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi dé. Àáfà wa á ka tiẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sómi náà, á wá tutọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, "túfù, túfù, túfù." Itọ́ alálùbáríkà ni lójú tèmi. Ife kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bù ú, á máa lọ láti ẹnu dé ẹnu, láti ẹnu arúgbó tó ń jẹ áásáà dé ẹnu ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú. Tó bá kan ọkọ mi, á dijú, á gbé e mu tán pátápátá, á ní "Àmín!" Lẹ́yìn náà á yọ́ dìde, á ní òun fẹ́ lọ wo táyà mọ́tò. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù mi á fìgunpá gún mi, wọ́n á ní, "Ọkọ ẹ nígbàgbọ́ o." Orí mi á wú.

Ó wá di ọdún kan báyìí láàárín àwọn ọdún 1990, ọdún tí bẹntiróò wọ́n bí ojú. À ń ti Gbọ̀ngán bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni bẹ́líìtì fáànù ìjàpá wa já. Kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ran, a ń rí èéfín ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ mi ní kí n máa rìn lọ dè é níbẹ̀, òun á wá nǹkan so ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí tipẹ́, mo bá ya wọ oko kòkó, mo ṣe tán, mo wá gba ẹ̀yìn jáde sí ìdí páànù.

Ìyá ẹlẹ́ran kọ̀yìn sí mi. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi fọn fèrè mọ́tò lọ́hùn-ún, "pípà-pípà", bó ṣe máa ń fọn ọ́n láti òkèèrè kí obìnrin yẹn lè mọ̀ pé a ti dé. Mo gbọ́ tí ìyá ẹlẹ́ran sọ fúnra ẹ̀ pé, "Àwọn ìmàle mi ti dé." Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ́ ọ̀yà kan jáde lábẹ́ àpò.

Yéè! Ikùn ẹran náà ti wú. Àmì okùn pàkúté ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ojú ẹ̀ ti dà bí ẹ̀kọ àná, ìdin sì ń yọ́ rìn ní ihò imú ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ran fi ìka gbá ìdin dànù, ó kọ orí ẹran síhà ìlà-oòrùn, ó ní "Bísímílà" bí ẹni tó ń jẹ́ẹ̀jẹ́ níwájú adájọ́, ó sì fọ̀bẹ ya á lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. Ó bá nawọ́ mú agolo mílíìkì kan tí eṣinṣin ń kùn lórí ẹ̀, ó ki ìka méjì bọ̀ ọ́, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kun ọrùn ẹran náà bí ẹni tó ń kun osùn.

Mo ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

Ó yíjú padà. Ẹ gbọ́, ojú ò tì í! Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Àà, Àlàájà, ẹ̀yìn lẹ gbà lónìí? Ẹ káàbọ̀. Mò ń dúńbú ẹ̀ ni."

"Òkú lẹ̀ ń dúńbú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é. Bàbá ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, wọ́n nìkan padà wá, wọ́n ní ẹ ò ní jẹ ẹ́ tí n ò bá pe bísímílà kí n sì fọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Mo ń pè é dáadáa o, Àlàájà. Kò sọ́jọ́ tí mo gbàgbé ẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Tadìyẹ ni. Bàbá ní ẹ máa ń wo ọrùn."

Obìnrin yẹn ò tàn mí. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, n ò rí i bú. Ó rò pé bísímílà dà bí iyọ̀, pé ìgbàkígbà téèyàn bá rántí bù ú sí i ló máa wọ inú ẹran. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo bì. Mo bi iyán àárọ̀, mo bi omi, mo bi ohun tí n ò mọ̀ pé mo jẹ. Mo ń rántí ẹ̀dọ̀ ọdún mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gòkè bọ̀ lọ́fun mi. Asitagifirúlàhi!

Ọkọ mi gbé mọ́tò dé, gíríìsì lọ́wọ́, ó ń súfèé. "Ìyá wọn, ṣé wọ́n ti ń bu iyán?" Ó rí mi nílẹ̀, ó rí agolo, súfèé bá dákẹ́.

Mo dìde, mo lọ jókòó sínú mọ́tò. Ó tẹ̀ lé mi. N ò wò ó lójú.

Mo ní, "Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí tanwíjí nínú òkùnkùn ìkòkò! Ẹ mọ̀ pé òkúǹbete ni, ẹ sì ń tì í sọ́dọ̀ mi, ẹ ń ní kí n jẹ ẹ́!"

Ó wá ní, "Ẹran pàkúté kì í dúró de ọ̀bẹ. Tí n bá sọ fún ẹ, o ò ní jẹ ẹ́ mọ́. Tó ò bá jẹ ẹ́ mọ́, ta ló máa bá mi jẹun?"

Ká ní ibẹ̀ ló ti dákẹ́ ni, bóyá inú mi ì bá rọ̀. Àmọ́ mo ti ń pariwo. Mo ní ìríra lódindi ni, mo ní ó bà mí ní ẹnu jẹ́, mo ní ó bà mí ní ìrun jẹ́, mo ní bí mo bá kú báyìí, kí ni màá wí? Inú bá bí òun náà. Ó fọwọ́ gíríìsì lu sítíárì.

"Ìwọ nìkan lo jẹ ìríra? Àbí kí lo rò pé mò ń mu n'Ìkirè? Itọ́! Itọ́ arúgbó, itọ́ oníkọ́, áásáà tó léfòó! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má fi ife kan mumi. Tí mo bá ní mo fẹ́ lọ wo táyà, kí lo rò pé mò ń wò?"

Mo ní, "Táyà."

"Èébì ni mò ń bì! Gbogbo ìgbà! Ọdún mẹ́fà!"

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Mo wo ẹnu ọkọ mi. Mo rántí gbogbo "Àmín" yẹn, àti bí orí mi ṣe máa ń wú. Ojú tì mí, àmọ́ ìbínú mi ju ìtìjú lọ. Mo ní, "Gbé mi lọ sílé." Ẹ rí i, mo pè é ní "ìwọ". Ó gbọ́ ọ. Ó wa mọ́tò dé Àpòmù.

Bí ìrìn àjò wa ṣe dópin nìyẹn. Ìjàpá ń bẹ níwájú ilé, adìyẹ ń yé sábẹ́ ẹ̀. Mo ń gbé oúnjẹ fún un lórí tìréè, ó ń jẹ ẹ́ ní pálọ̀, èmi náà ń jẹ tèmi nídìí àdògán, tí kò tilẹ̀ sọ́mọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Oṣù méjì kọjá, ó wọ ẹ̀kẹta. Kí n tún sọ èyí tó burú jù: tí mo bá jókòó síbẹ̀ témi nìkan, tí mo rántí ọbẹ̀ ọ̀yà yẹn, itọ́ á dà lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé òkú ni, mo rí ìdin pẹ̀lú ojú mi, síbẹ̀ ẹnu mi ṣì ń fẹ́ ẹ. Mo kórìíra ẹnu mi.

Ọjọ́ wàásù kan dé, mo wọ ọkọ̀ èrò lọ s'Ìkirè témi nìkan. Àáfà ka tiẹ̀, ó tutọ́ tiẹ̀, ife bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo wo inú ẹ̀. Nǹkan tí n ò ṣe rí nìyẹn. Ìfófòó kékeré kan ń yí lójú omi, nǹkan dúdú kan sì so mọ́ etí ife níbi tí ètè ẹni tó mu kẹ́yìn ti kúrò. Mo gbé e kan ẹnu. Mo ṣe bí ẹni tó mu ún, mo ní "Àmín", mo gbé e fún ẹni tó kàn, mo sì dìde lọ sẹ́yìn ògiri.

Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá a ní pálọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "N ò mu ún."

Ó ní, "Kí lo ò mu?"

"Omi. Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ fún mi."

Ó ní, "Ìwọ náà ti ba ọ̀yà jẹ́ fún mi. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé e dé ẹnu, mo rántí bó o ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé e fájá." Mo lọ gbé omi kaná.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo agboolé wà nílé, mo tẹ ẹ̀bà, mo sì fi ọbẹ̀ ẹja gbé e fún un ní pálọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo padà sídìí àdògán. N ò tíì jókòó dáadáa tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀. Ọkọ mi ló ń bọ̀, ó gbé tìréè ẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gba àárín àwọn ìyàwó ilé kọjá, ọkùnrin tí gbogbo Àpòmù ń sá fún. Ó tẹrí ba wọ ilé ìdáná. Èéfín gbà á lójú. Ó wá àpótí kan, ó jókòó, ó gbé tìréè sáàárín wa, ó yí ẹ̀bà tèmi dà sórí tiẹ̀. Ó ń jẹun bí ìgbà tí nǹkan kan ń lé e, ọbẹ̀ ń ṣàn sí irùngbọ̀n ẹ̀, ikun ń yọ nímú ẹ̀ nítorí èéfín, ó sì ń tu egungun ẹja sínú eérú mi. Ọmọlúàbí kan ò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyáálé agboolé wa yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó lanu, àwọn ìyàwó méjì tún yọjú lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní, "Bàbá wolé-wolé! Kí lẹ wá ṣe nídìí àdògán?"

Òkèlè ṣì wà lẹ́nu ọkọ mi. Kò gbé e mì. Ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ: "Mò ń bá ìyàwó mi jẹun ni."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀bà ẹnu ẹ̀ ń ta sí mi lójú, ó ń ta sí mi láyà. Ó rí mi lára gan-an. N ò nù ún.